A Dúpẹ́, Màmá Agbẹ̀bí

Bàbá Ògúnyọmí ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí Ìbíwùmí tó wọ àgbàlá, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Ògiri ló dọ̀bálẹ̀ fún. Lára ògiri náà ni Abẹ̀wò wà, àpótí kékeré tí ìjọba ìbílẹ̀ kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé ní Òkè-Àfọ̀n, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú wẹ́wẹ́.

"Káàárọ̀ o, ọmọ mi," ni Abẹ̀wò wí. Ohùn obìnrin arúgbó ni, ó rọ̀ bí ẹ̀wà tó jinná. "Ṣé dáadáa ni?"

"A dúpẹ́, Màmá."

"Ṣé omi ń yọ?"

"Omi ń yọ dáadáa, Màmá. Ẹ ṣé, Màmá. Ọlọ́run á tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere."

"Ṣé ilé ìwòsàn ṣí?"

"Ó ṣí gbayawu."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Mo ti gbọ́." Iná náà di àwọ̀ ewé, ó sì kú.

Bàbá dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀ dànù, ó dé fìlà rẹ̀ padà. Ìgbà náà ló tó rí Ìbíwùmí, Akọ̀wé Ìjíhìn ìjọba ìbílẹ̀, tó dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká. Ọ̀la ni Ọjọ́ Ìjíhìn, tí ìpínlẹ̀ máa ń wá yẹ ìdáhùn ìlú wò, ó sì ń lọ láti ilé dé ilé láti rí i pé etí àwọn Abẹ̀wò là dáadáa.

Ìbíwùmí kò tilẹ̀ wo àpótí náà mọ́. Ẹ̀yìn bàbá ló ń wò. Aláǹtakùn ti ta òwú sí ẹnu ẹ̀rọ omi. Ìkòkò méjì dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lórí àpótí ìjókòó, ìyàwó bàbá na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tuntun sórí wọn, ó ń fi eyín já píọ̀ wọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fún un sí ọmọ náà lára. Ọmọ náà ń ké bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ìyá ọmọ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ wà lára ìwọ̀nba ọ̀rá tó kù nínú àpò.

Ìbíwùmí kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, ó kí wọn kú ewu ọmọ, ó wá yíjú sí bàbá.

"Bàbá, ẹ mà ní omi ń yọ."

"Mo gbọ́ ara mi."

"Ìgbà wo ló yọ kẹ́yìn?"

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn já ọ̀rá mìíràn. "Kí òjò tó dá ni," ló dáhùn. "Ìgbà yẹn náà, ó pọ́n bí omi osùn."

"Ẹ wá ń purọ́ fún Abẹ̀wò?"

"Irọ́ kẹ̀!" Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ pe Ìbíwùmí sún mọ́ra. "Gbọ́, ọmọ yìí. Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, ìjọba ìbílẹ̀ ló máa ń ròyìn iṣẹ́ ara wọn. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé dídán, alága á dúró níwájú kòtò, wọ́n á ya á ní fọ́tò, wọ́n á ní títì nìyí. Àwa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ló gba kálámù lọ́wọ́ wọn. Ẹ kú iṣẹ́."

"A gbà á lọ́wọ́ wọn, bàbá, a sì fi lé ẹ̀yin lọ́wọ́. Kí wá ni ẹ̀ ń kọ yìí?"

"Ìwọ náà rò ó wò. Màmá Agbẹ̀bí ló gbẹ̀bí gbogbo ọmọ mi. Nígbà tí mo dákú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí, òun ló gbá mi létí tí mo fi jí. Kí ìyá yẹn wá kí mi láàárọ̀ kùtù, kí n máa ro ẹjọ́ omi fún un nínú sàréè?"

"Ẹ̀rọ ni, bàbá."

"Ṣé mo ní kì í ṣe ẹ̀rọ ni? Ẹ̀rọ tó ń tún sólà ṣe ni mo fi gbogbo ayé mi bá rìn, o fẹ́ wá fi ẹ̀rọ hàn mí. Ṣùgbọ́n ohùn ẹni ni ohùn ẹni. Àgbà kì í bèèrè pé ṣé dáadáa ni, kí èèyàn máa wá to ìṣòro kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá rẹ ni, ó yẹ kí ó yé ọ jù mí lọ."

Ó yé e. Ìbíwùmí ni ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Agbẹ̀bí bí fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì ìlú ló ń pè é ní ìyá. Ó kúrò níbẹ̀, ó wọ ilé kejì, ó wọ ilé kẹta, ó lọ títí dé ìsàlẹ̀ ọjà. Níbi gbogbo, ìkòkò gbẹ, ẹnu ẹ̀rọ omi gbẹ, Abẹ̀wò sì ti gba ọpẹ́ lọ. Obìnrin kan tilẹ̀ sọ fún un pé òun máa ń sáré wé gèlè kí ìbéèrè àárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí màmá má baà bá òun lórí lásán.

Olóyè Akínfẹ́nwá, alága ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Àfọ̀n, kì í ṣe olè. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí ẹ ti ń rò. Láyé Abẹ̀wò yìí, alága tó bá fẹ́ jalè gan-an kò ní ríbi ti ọwọ́ bọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ìyìn ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Abẹ̀wò kọ́kọ́ dé, ohùn irin lásán ló ń sọ, àwọn ará ìlú a sì máa bú u, wọ́n a máa da omi ìfọṣọ lé e lórí. Alága ló ronú pé kí wọ́n wá ohùn tí ìlú lè bọ̀wọ̀ fún. Màmá Agbẹ̀bí wà lórí ibùsùn àìsàn nígbà náà, ó ní bí ohùn òun bá máa wúlò fún ìlú, kí wọ́n máa gbé e lọ. Láti ìgbà náà ni èébú ti tán. Pátákó Ìjíhìn tó ń fi ìdáhùn gbogbo ilé hàn ní gbàgede ìlú kò sì ní àwọ̀ mìíràn mọ́ ju àwọ̀ ewé lọ.

"Jókòó, Ìbíwùmí," ni alága wí nígbà tí ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Alága fi ẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì omi kan sábẹ́ tábìlì, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

"Alága, omi ò yọ nílùú yìí, sà."

"Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe ségesège."

"Kò ṣe ségesège, sà. Ẹ̀rọ apọnmi tó wà lórí òkè ti kú. Wọ́n ń fi píọ̀ wọ́tà wẹ ọmọ tuntun."

Alága bojú wo ojú fèrèsé. Láti ibẹ̀, wọ́n lè rí pátákó ńlá náà tó ń tàn bí oko àgbàdo lẹ́yìn òjò. "Kí ni pátákó wí?"

"Àwọ̀ ewé, sà."

"Ta ni òfin gbà láyè láti ròyìn iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀?"

"Ará ìlú nìkan, sà. Láti ẹnu wọn."

"Ṣé mo fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu?"

"Ẹ ò fi sí wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ rán sí wọn, ojú ń tì wọ́n láti sọ òótọ́ fún un."

Alága bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí orúnkún, ó ń fi ìka tọ ojú iṣẹ́ ọnà tó wà lára rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Bí akọ̀wé bá dúró lọ́la, tó ní ohùn kan ń dí ìlú lẹ́nu, o mọ ohun tí òfin máa ṣe sí ohùn náà."

"Wọ́n á pa á rẹ́."

"Níbi gbogbo. Òfin ní ohùn òkú kì í gbé ilé méjì, ìwọ náà sì tẹ̀ka sí i nígbà tí a gbà á. Èyí tó wà nínú fóònù rẹ, wọ́n ti pa á rẹ́ nígbà náà. Ti inú fídíò ìgbéyàwó rẹ náà ti lọ. Ọ̀dọ̀ wa nìkan ni màmá wà. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, ó parí nìyẹn, ọmọ mi."

Kò fi halẹ̀ mọ́ ọn. Àánú rẹ̀ ń ṣe é ní tòótọ́, ìyẹn gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo.

"Ẹ̀rọ apọnmi tuntun wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, sà," ni Ìbíwùmí wí. "Ìlú tí pátákó rẹ̀ bá pọ́n ni wọ́n máa gbé e fún. Bí a bá pàdánù ti ọ̀tẹ̀ yìí, ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀."

"Wọ́n á sì fi iná tan àwòrán mi sójú ọ̀run, kí gbogbo ìpínlẹ̀ gbójú sókè wo alága tó kùnà."

"Ìlú tó bá ní àwọ̀ ewé, àsíá ni wọ́n ń fún un. A kì í fi àsíá wẹ ọmọ, sà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa alága, ó gbé e mì. "Àtàǹpàkò tìrẹ ló ń ti ìjíhìn lẹ́yìn, kì í ṣe tèmi," ló wí. "Lọ sílé. Lọ rò ó."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìbíwùmí gbé àga síwájú Abẹ̀wò ilé tirẹ̀. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àpótí yìí ló ti ń mu ẹ̀kọ òwúrọ̀. Ó fẹ́ràn ohùn náà ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì mọ̀. Ó na ọwọ́, ó tẹ ojú àpótí náà.

"Káalẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé dáadáa ni?"

"A dúpẹ́, Màmá." Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ṣé omi ń yọ?"

"Màmá, kí ni kí n ṣe?"

"N ò gbọ́ ìdáhùn yẹn dáadáa, ọmọ mi. Ṣé omi ń yọ?"

"Bí mo bá sọ òótọ́ lọ́la, n ò ní gbọ́ ohùn yín mọ́."

"N ò gbọ́ ìdáhùn yẹn dáadáa, ọmọ mi," ni àpótí náà tún wí, pẹ̀lú sùúrù kan náà, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ kan náà. "Ṣé omi ń yọ?"

Ìbíwùmí sunkún. Kò pariwo, kò ju ara rẹ̀ nílẹ̀. Ó kàn jókòó, omi tí kò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ń yọ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ kò jẹ́ bi èèyàn léèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ó má dìde wá wo ojú onítọ̀hún. Ó rántí yàrá ìgbẹ̀bí níbi tó ti máa ń jókòó ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Aboyún kan di irin ibùsùn mú, òógùn bò ó, màmá bèèrè pé báwo ni. "A dúpẹ́, Màmá," ni aboyún náà wí, eyín ń gbá eyín. Màmá pòṣé. "Ìdúpẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn," ló wí. "Níbo ló ń dùn ẹ́?" Bó ṣe máa ń sọ fún gbogbo wọn nìyẹn, ọlọ́rọ̀ àti tálákà, aboyún àti ọkọ aboyún. Kì í gba ìdáhùn àkọ́kọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó lè purọ́ fún un.

Ohùn rẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ gbà. Wọ́n gbàgbé láti gba etí rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí lọ́jọ́ kejì, gbàgede ìlú ti kún. Ọkọ̀ òfúrufú kékeré tó gbé Ìyáàfin Fádáhùnsi, olùyẹ̀wò láti ìpínlẹ̀, ti bà sẹ́yìn gbọ̀ngàn, eruku rẹ̀ sì ti ba aṣọ àwọn tó jókòó níwájú jẹ́. Àwọn kan gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo dání, nítorí wọ́n gbọ́ pé ìpínlẹ̀ máa ń gbé omi wá fún àwọn tó bá wá síbẹ̀. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo dání, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún pátákó tó ń sọ pé omi pọ̀ nílùú. Èèyàn kò ní rí èyí kó má rẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ tuntun.

"Omi, àwọ̀ ewé," ni Ìyáàfin Fádáhùnsi ń kà lójú pátákó. "Ìlera, àwọ̀ ewé. Ọ̀nà, àwọ̀ ewé. Ìlú Òkè-Àfọ̀n, ẹ kú oríire." Ó gbé dígí ìtẹ̀ka síwájú Ìbíwùmí. "Akọ̀wé Ìjíhìn, ṣé ẹ tì í lẹ́yìn?"

Ìbíwùmí wo ọ̀dọ̀ àwọn èrò. Ìyàwó Bàbá Ògúnyọmí wà níwájú, ó pọn ọmọ náà sẹ́yìn, ó fi aṣọ bo orí rẹ̀ nítorí oòrùn.

"N ò tì í lẹ́yìn."

Àtẹ́wọ́ dákẹ́. "Kí ló fà á?" ni olùyẹ̀wò bèèrè.

"Ohùn tó ń bi wọ́n léèrè ló ń dí wọn lẹ́nu. Ohùn ìyá mi ni. Mo fẹ́ kí ẹ mú un kúrò."

Ariwo sọ. "Ìbíwùmí!" ni obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Ṣé o fẹ́ pa ìyá ẹ lẹ́ẹ̀kejì ni?" Àwọn mìíràn ń ká ọwọ́ lé orí, Bàbá Ògúnyọmí ń mi orí bí ẹni pé wọ́n ja á lólè. Ìbíwùmí sáà dúró sídìí dígí náà.

Ìyáàfin Fádáhùnsi gbé ọwọ́ sókè títí gbogbo ibẹ̀ fi rọlẹ̀. Obìnrin tí ojú rẹ̀ le ni, ṣùgbọ́n ó rọra sọ̀rọ̀. "Òfin ní kí ohùn náà bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó lọ, kí ẹni tó ni ín lè gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ bá tẹ̀ka, ó tán." Ó tọ́ka sí Abẹ̀wò ńlá tó wà lẹ́sẹ̀ pátákó.

"Káàsán o, ẹ̀yin ọmọ mi," ni ohùn náà wí, ó sì gba gbogbo gbàgede kan. "Ṣé dáadáa ni?"

"A dúpẹ́, Màmá!" ni gbogbo ìlú dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Bàbá Ògúnyọmí ti dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni kò là.

Ìbíwùmí gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé dígí.

Ohùn náà dákẹ́. Nǹkan kan dún ṣákálá nínú àpótí, ohùn mìíràn sì jáde, ohùn irin tí kò ní ìyá, tí kò ní bàbá. "Ẹ káàsán. Ṣé dáadáa ni? Ṣé omi ń yọ?"

Àwọn tó kúnlẹ̀ ń dìde díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń gbọn eruku, wọn kò fẹ́ wo ojú ara wọn. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyàwó Bàbá Ògúnyọmí bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyá àgbà náà jó o lẹ́yìn títí, kò dákẹ́. Ó bá yíjú sí Abẹ̀wò pẹ̀lú ìbínú.

"Kò yọ!" ló wí. "Ẹ̀rọ burúkú, kò yọ! Píọ̀ wọ́tà ni mo fi ń wẹ ọmọ!"

Bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò ló rí. "Kò yọ ládùúgbò wa!" "Nọ́ọ̀sì ò wá láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé!" "Afárá ti wó, ẹ̀yin ẹ wá wò ó!" Wọ́n ń ti ara wọn síwájú láti sọ tiwọn, wọ́n ń bú Abẹ̀wò bí ìgbà àtijọ́, Abẹ̀wò sì ń gbà á láìbínú. Àwọ̀ ewé ń ṣá lójú pátákó. Ó di àwọ̀ ìyeyè. Ó wá pọ́n láti òkè délẹ̀.

Alága dìde. Gbogbo èèyàn rò pé yóò bínú jáde. Ó rìn lọ síwájú àpótí náà bí ará ìlú mìíràn, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Kò yọ nílé tèmi náà," ló wí. "Kẹ́ẹ̀gì ni mò ń gbé pamọ́ sábẹ́ tábìlì." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì padà lọ jókòó, ojú rẹ̀ nílẹ̀.

"Ẹ̀rọ apọnmi yín á dé kí oṣù tó kú," ni Ìyáàfin Fádáhùnsi sọ fún Ìbíwùmí nígbà tó fẹ́ wọ ọkọ̀. "Ohùn ta ni ẹ fẹ́ fi rọ́pò?"

"Ẹ jẹ́ kí ohùn irin wà bẹ́ẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi gbólóhùn kan kún ohun tó ń sọ."

Ó sọ gbólóhùn náà. Olùyẹ̀wò wò ó títí, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Ìbíwùmí ti po ẹ̀kọ rẹ̀, ó sì ti gbàgbé pé ohùn ìyá rẹ̀ ti lọ, ó gbé e jókòó sídìí àpótí bó ṣe máa ń ṣe. Iná ṣẹ́jú.

"Ẹ káàárọ̀," ni ohùn irin wí. "Ṣé dáadáa ni?"

"A dúpẹ́."

"Ìdúpẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn," ni Abẹ̀wò wí. "Níbo ló ń dùn yín?"

Ìbíwùmí gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Àpótí náà dúró dè é.

"Ìyá mi kú," ló wí.

"Mo ti gbọ́," ni Abẹ̀wò dáhùn.